Ibi Tí Ìrù Ẹ̀jẹ̀ Kọjú Sí

Ọkùnrin kan wà tó ń fi rúlà wọn ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ tí ìjọba gbé lé e lọ́wọ́ nìyẹn. Bí wọ́n bá bá òkú nínú ilé, tí kò sí ẹni tó lè sọ bó ṣe kú, wọ́n á ránṣẹ́ pè é. Á wá pẹ̀lú rúlà kékeré kan, òwú funfun, àti ìwé pẹlẹbẹ kan tó ti ń lò láti ìgbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, èyí tí wọ́n to iye sáìnì àti tánjẹ́ǹtì sínú rẹ̀. Ẹ̀yìn ìwé náà ti ya, ó ti fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Kì í fọwọ́ kan òkú. Ògiri ló máa ń wò.

Wàá bi mí pé kí ni ẹ̀jẹ̀ ara ògiri fẹ́ sọ. Ó ń sọ̀rọ̀ dáadáa. Bí ẹ̀jẹ̀ bá bá ògiri lójúkojú, á rí róbótó bíi bọ́tìnnì. Bí ó bá gba ẹ̀gbẹ́ wá, á gùn, á sì tẹ́ẹ́rẹ́. Bó bá ṣe dàgẹ̀rẹ̀ tó ni yóò ṣe gùn tó. Ọkùnrin yìí á wọn ìbú rẹ̀, á wọn gígùn rẹ̀, á fi gígùn pín ìbú. Èsì tó bá jáde, á lọ wá a lábẹ́ sáìnì nínú ìwé pẹlẹbẹ rẹ̀. Bí ìbú bá jẹ́ ìdajì gígùn, ìwé á sọ fún un pé ọgbọ̀n dígíríì ni ẹ̀jẹ̀ náà fi dàgẹ̀rẹ̀ wá. Ìṣirò tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ máa ń ṣe tí wọ́n á máa ráhùn pé níbo làwọn ti fẹ́ lò ó láyé, òun náà ni.

Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ẹyọ kan kò tó. Ìlà tí o bá fà láti ara ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo á kàn máa lọ ni, kò sí ibi tí yóò ti dúró sọ fún ọ pé ibí ni mo ti gbéra. Ó di ìgbà tí o bá fa ìlà láti ara ogún ẹ̀jẹ̀ kí o tó rí ibi tí gbogbo wọn ti pàdé. Ibẹ̀ ni ẹni náà wà nígbà tí nǹkan bà á.

Ohun kan tún kù. Ẹ̀jẹ̀ tó bá dàgẹ̀rẹ̀ bá ògiri máa ń yọ ṣóńṣó ní ìkángun rẹ̀ kan. Ọkùnrin yìí fún ṣóńṣó náà ní orúkọ kan, orúkọ yẹn ló sì fẹ́ pa ènìyàn nínú ìtàn yìí. Fi í sọ́kàn, mò ń padà bọ̀ wá bá a.

Ní ìlú kan tí kò tóbi, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kan wà tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ wẹ́dà. Oyèkúnlé ni ẹ̀gbọ́n, Gbádébọ̀ ni àbúrò. Ṣọ́ọ̀bù wọn gùn bí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lápá ọ̀tún, lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ irin wà, òkúta róbótó kan ló ń yí lára rẹ̀, àga kúkúrú sì wà níwájú rẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n máa ń jókòó lé. Lápá òsì ni tábìlì àbúrò wà. Ògiri gígùn tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ àti tábìlì náà funfun, nítorí ẹ̀gbọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ní ọdún tuntun.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àwọn méjèèjì jà lórí géètì kan tí àbúrò jó mọ́ra tó wọ́. Ẹ̀gbọ́n bá a wí níwájú ẹni tó ni géètì. Ó ká àbúrò lára, ó sì pariwo débi tí gbogbo àdúgbò fi gbọ́ pé, "Èmi àti ẹ̀yin, ẹnìkan máa kú lónìí." Ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ti sọ rí ni. Ìwọ náà ti sọ ọ́ rí, èmi náà ti sọ ọ́, a sì jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, àwọn aládùúgbò gbọ́ ìró kan. Wọn ò kà á sí, nítorí ìró irin kì í tán ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà. Ìgbà tí wọ́n gbọ́ igbe àbúrò ni wọ́n sáré wọlé. Wọ́n bá ẹ̀gbọ́n nílẹ̀ lẹ́bàá tábìlì àbúrò, orí rẹ̀ wà lórí itan àbúrò, egbò ńlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀. Ọ̀pá irin kan wà nílẹ̀ nítòsí. Iná ìjọba ti lọ, ẹ̀rọ sì ti dákẹ́.

Àbúrò ní, "Ẹ̀rọ ló ṣe é. Ó dìde, ó ń rìn bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ó ṣubú." Ó sọ ọ́ fún àwọn aládùúgbò, ó sọ ọ́ fún ọlọ́pàá, ó sọ ọ́ títí ohùn rẹ̀ fi há. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́, nítorí ọ̀rọ̀ tó sọ láàárọ̀ ni gbogbo wọn ń gbọ́ létí. Dókítà ní ohun líle kan ló gbá a lórí, ṣùgbọ́n òun kò lè sọ ohun tó jẹ́. Wọ́n ti àbúrò mọ́lé.

Sájẹ́ǹtì kan wà ní àgọ́ náà tó ti lọ kẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ mẹ́ta lọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń wọn ẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀, ó sì dùn mọ́ ọn pé òun rí ibi lo ìmọ̀ tí òun kọ́. Ó wo ẹ̀jẹ̀ ara ògiri. Ó rí i pé gbogbo ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sí apá òsì, síbi tábìlì àbúrò. Ó fi ẹfun ya ọfà sí i, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé lẹ́bàá tábìlì àbúrò ni wọ́n ti gbá olóògbé, ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti fò wá, àti pé irọ́ ni àbúrò ń pa nípa ẹ̀rọ. Ó ránṣẹ́ sí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ náà pé kó wá wo ìwé náà, kó sì buwọ́ lù ú.

Àwọn ọmọkùnrin méjì yìí ní ìyá. Láti ìgbà tó ti bí àkọ́bí rẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é ní Ìyá Oyèkúnlé. Nígbà tí Oyèkúnlé wá kú, àwọn tó ń wá kí i kò mọ ohun tí wọ́n á máa pè é mọ́. Orúkọ òkú ń dun ẹni tó ń pè é, orúkọ ẹni tó wà ní àtìmọ́lé kò sì ṣe é pè. "Mọ́mì" lásán ni wọ́n ń sọ. Obìnrin náà kò dá wọn lóhùn. Kò dáná. Kò gbé oúnjẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ó sọ gbólóhùn kan péré, ìyẹn ni pé bí ọ̀gá tó ń bọ̀ bá fọwọ́ sí ìwé sájẹ́ǹtì, ní ọjọ́ kẹjọ òun á lọ sí àgọ́, òun á di ọmú òun mú níwájú ọmọ tó kù, òun á sì sọ ohun tó wà nínú òun.

O mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí, kódà bí adájọ́ dá a sílẹ̀, ibo ni yóò gbà?

Ọjọ́ keje ni ọkùnrin tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ dé. Ó ti rẹ̀ ẹ́ lọ́nà. Sájẹ́ǹtì ṣí ṣọ́ọ̀bù fún un, ó gbé ìwé àti bírò lé tábìlì.

Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, sà. Mo ti ṣe gbogbo ẹ̀. Ìbuwọ́lù yín nìkan ló kù."

Ọkùnrin náà gbé bírò. Mi ò fẹ́ kí o rò pé ó gbọ́n ju bó ṣe gbọ́n lọ, torí náà jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ bó ṣe rí: ó gbé e láti fi buwọ́ lùwé, nítorí ó gbẹ́kẹ̀ lé sájẹ́ǹtì, ebi sì ń pa á. Ojú rẹ̀ kàn lọ sára ògiri ni. Ó rí ọfà tí wọ́n fi ẹfun yà. Ó gbé bírò kalẹ̀.

"Ta ló sọ fún ọ pé ibi tí ìrù ẹ̀jẹ̀ kọjú sí ló ti ń bọ̀?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin lẹ pè é ní ìrù, sà. Ẹ̀yìn sì ni ìrù máa ń wà. Bí màlúù bá ń bọ̀, ibi tó ti ń bọ̀ ni ìrù rẹ̀ ń kọjú sí."

Ọkùnrin náà tún wo ọfà ara ògiri. Ó rántí ọjọ́ náà. Ọ̀sán ni, oorun ń kun àwọn tó wá kẹ́kọ̀ọ́, òun náà sì fẹ́ tètè parí. Ó ń wá orúkọ Yorùbá tí yóò pe ṣóńṣó yẹn, ó sì ní, "Ẹ̀jẹ̀ náà ní ìrù, bíi ti ẹran." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dùn mọ́ ọn. Ó bá wọn rẹ́rìn-ín, ó sì ṣí ojú ewé tó kàn. Ohun tó yẹ kó fi kún un, tí kò fi kún un, ni pé ẹran ló ń wọ́ ìrù tẹ̀lé ara rẹ̀. Ti ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá bá ògiri, eré tó ń sá bọ̀ ló ń tì í síwájú tó fi ń yọ ṣóńṣó. Ibi tó ń lọ ni ìrù rẹ̀ ń kọjú sí.

Ó bi sájẹ́ǹtì pé, "Ẹ̀jẹ̀ mélòó lo wọ̀n?"

"Ẹyọ kan, sà. Èyí tó tóbi jù."

Ọkùnrin náà bọ́ ẹ̀wù àwọ̀lékè rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó yan ogún ẹ̀jẹ̀. Ó wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń pe iye rẹ̀, sájẹ́ǹtì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó lẹ òwú mọ́ ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kọ́kọ́ fà á lọ sápá òsì, bí sájẹ́ǹtì ṣe wí. Òwú náà kò pàdé. Bí wọ́n ṣe ń lọ ni wọ́n ń jìnnà síra wọn, bí ìgbálẹ̀ tí okùn rẹ̀ tú. Ó wá fà wọ́n sápá ọ̀tún. Mọ́kàndínlógún nínú wọn pàdé ní ojú kan, ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sókè ilẹ̀.

Ó ku bí ojú náà ṣe jìnnà sí ògiri tó. Ó mú ẹ̀jẹ̀ kan tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ìdajì gígùn rẹ̀, tó sì wà ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí ibi tí òwú ti pàdé. Ọgbọ̀n dígíríì. Ó wá tánjẹ́ǹtì rẹ̀ nínú ìwé pẹlẹbẹ, ó fi sọ ẹsẹ̀ mẹ́rin di púpọ̀, ó bọ́ sí ẹsẹ̀ méjì àti díẹ̀. Ó ṣe ti òmíràn, ó súnmọ́ ọn. Ó ṣe ti ẹ̀kẹta. Ó wọn ẹsẹ̀ méjì àti díẹ̀ kúrò lára ògiri, rúlà rẹ̀ sì dúró lókè àga kúkúrú tó wà níwájú ẹ̀rọ, ní ibi tí orí ẹni tó bá jókòó níbẹ̀ yóò wà.

Òun fúnra rẹ̀ jókòó lórí àga náà. Ó wo òkúta ẹ̀rọ, ó rí i pé ó ti kán, ó ku ìlàjì. Sájẹ́ǹtì ní òun rò pé ó ti pẹ́ tó ti kán, torí nǹkan tó kán pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Ọkùnrin náà gbé ojú sókè, síbi tí nǹkan lè fò gbà láti ara ẹ̀rọ kó gba ẹ̀gbẹ́ etí òun kọjá. Nínú igi òrùlé, èérún òkúta kan há síbẹ̀. Ó gun àga lọ wò ó. Ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ wà lára rẹ̀, àti irun díẹ̀.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó, ó sì sunkún. Àgbà ọkùnrin ni o. Ọjọ́ méje ni ọmọ ọlọ́mọ ti fi sùn lórí sìmẹ́ńtì nítorí ẹ̀rín ọ̀sán ọjọ́ kan.

Sájẹ́ǹtì mú ìwé tó kọ lórí tábìlì. Ó wá sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Ẹ jẹ́ ká ya ìwé yìí, sà, ká kọ tuntun. Ká kàn sọ pé a ṣe àyẹ̀wò síwájú sí i. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Ọkùnrin náà ní, "Mọ́kàndínlógún pàdé lórí àga yìí. O mọ ibi tí àṣìṣe tìrẹ ti pàdé? Ẹnu mi ni. Mú mi lọ sọ́dọ̀ ìyá wọn."

Ìyá náà jókòó sórí ẹní. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ fún un gbalaja pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ ìjọba lọ́rùn. Ó sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ kò pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pé òkúta ẹ̀rọ ló fọ́ tó sì bà á. Ó sọ bí sájẹ́ǹtì ṣe ṣì í kà, ó sì sọ ẹni tó kọ́ ọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́.

Obìnrin náà kò gbé orí. Ó ní, "Lánàá, ẹ ní òun ni. Lónìí, ẹ ní òun kọ́. Èwo ni kí n gbà nínú yín?"

Ọkùnrin náà ní, "Ẹ má gba èyíkéyìí, mà. Ẹ fojú ara yín rí i."

Ó bu omi sínú abọ́, ó pò ó mọ́ eérú díẹ̀, ó gbé e sí iwájú rẹ̀. Ó ní kó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, kó sì fi í wọ́n ògiri láti ẹ̀gbẹ́. Obìnrin náà ti ọwọ́ bọ omi, ó wọ́n ọn. Omi eérú náà bá ògiri, ó gùn, ó sì yọ ṣóńṣó.

"Níbo ni omi yẹn ti wá, mà?"

"Ọwọ́ mi."

"Ìrù rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ọ̀dọ̀ yín ló kọjú sí?"

Obìnrin náà súnmọ́ ògiri. Ó fi ìka kan ṣóńṣó náà. Ó tún ti ọwọ́ bọ omi, ó tún un ṣe láti apá kejì, ó tún lọ wò ó. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ṣe é. Nígbà tó yá, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró, ó wọ ilé ìdáná, wọ́n sì gbọ́ ìró ìkòkò fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ méje.

Wọ́n tẹ̀lé e dé àgọ́ ọlọ́pàá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó gbé abọ́ oúnjẹ dání. Ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu ọ̀nà kò mọ̀ ọ́n, ó bi í pé ta ni kí òun sọ pé ó ń béèrè.

Ó ní, "Sọ pé Ìyá Gbádébọ̀ ni."

Ọmọ náà gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú lọ́hùn-ún. Ó jẹun, wọ́n sì dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà títí di òní, kò jókòó pẹ́ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ mọ́. Ó mọ ohun tí ìyá náà fẹ́ sọ sí òun. Ìyá náà mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n. Èyí kò ní rúlà tí wọ́n lè fi wọ̀n ọ́n.

Ìtàn náà parí síbẹ̀. Wàyí o, àbúrò mi, ìwọ ló kù.

Láàárọ̀ yìí lo wá bá mi pé o ti mọ ẹni tó ba ilé rẹ jẹ́. O ní ìyàwó àbúrò rẹ ló ń sọ kiri pé ọmọ tí ìyàwó rẹ bí kẹ́yìn kò jọ ọ́. O ní ẹnu rẹ̀ ni ìyàwó rẹ ti gbọ́ ọ, torí náà ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ̀rọ̀ ti wá, o sì fẹ́ kó kó ẹrù rẹ̀ jáde nínú ilé bàbá yín kó tó di ọjọ́ Sátidé. Ẹ̀jẹ̀ kan lo wọ̀n. Èyí tó tóbi jù. Obìnrin yẹn ni ọ̀rọ̀ náà bà gbẹ̀yìn, o wá di ìrù rẹ̀ mú, o ní o ti rí orí. Òun ló sọ fún ìyàwó rẹ lóòótọ́, kó má baà jẹ́ pé níta ni yóò ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Èmi kò ní ìwé pẹlẹbẹ, ṣùgbọ́n kí n tó ránṣẹ́ pè ọ́ padà, mo ti ṣe ìwọ̀n tèmi. Mo bi obìnrin náà pé lẹ́nu ta ló ti gbọ́ ọ. Mo lọ bá ẹni náà. Mo lọ bá ẹni tó sọ fún ẹni náà. Mo gba apá ibòmíràn, mo bi àwọn mìíràn tí kò mọ àwọn tí mo kọ́kọ́ bi. Ènìyàn méje ni gbogbo wọn. Gbogbo wọn pàdé ní ojú kan.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni. O jókòó sórí àga ike funfun lábẹ́ igi máńgòrò, o gbé ọmọ náà lẹ́sẹ̀, ó sì ń sunkún. O ní, "Ọmọ yìí ò mà jọ mí o. Àfi kí n lọ wádìí lọ́wọ́ ìyá ẹ̀." Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dùn mọ́ ọ, o tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mo wà níbẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Má lé ẹnikẹ́ni jáde. Dìde, kí o lọ sílé nísinsìnyí, kí o lọ dúró síwájú ìyá ọmọ rẹ, kí o sì sọ fún un ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti gbéra. Màá tẹ̀lé ọ lọ, nítorí èmi náà ní tèmi láti sọ.